Agolo Tó Ń Kùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ẹnjiníà Agolo yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Ọkọ àbúrò mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tó ti ń tún fáànù ṣe ti ní kó máa lọ ilé, ogiri ló ń wò. Ó gbé agolo bísíkíìtì kan lé orí gíláàsì tí mo fẹ́ gé. Ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, súwíìṣì kan lórí. Ó ní pẹ́dálì gìtá ni: kí n ki gìtá bọ ihò kan, kí n ki áńpù bọ ìkejì, ohùn á há, á máa bú ramúramù. Ó ní òun lòun fọwọ́ ara òun ṣe é. Mo ní ó hàn.

Àbúrò mi ti pè mí ṣáájú. Ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń ta ohun èlò orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ báǹkì ń wá ẹni tí á máa tún wọn ṣe. Ó ní bí èmi tí àdúgbò mọ̀ sí onígìtá bá lè jẹ́rìí sí agolo yìí, onítọ̀hún á gba ọkọ òun síṣẹ́. "Bọ̀dá mi, ẹ ṣáà fetí sí i dáadáa." Bíi pé etí mi ti di.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo tan agolo náà nílé. Hùùùù. Mi ò tíì fọwọ́ kan okùn gìtá o! Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná, ó ní ṣé fíríìjì tuntun la rà ni. Mo yọ agolo kúrò, mo ki gìtá bọ áńpù tààrà — ó dákẹ́ lọ́lọ́. Mo dá agolo padà — hùùùù. Kí lèèyàn tún ń wá? Ọmọ ọdún mẹ́ta á mọ ibi tí ẹ̀bi wà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ẹnjiníà wá. Àga wà, ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó ṣí agolo. Mi ò ní purọ́, inú ẹ̀ mọ́, gbogbo ibi tó fi òjé yíyọ́ lẹ wáyà mọ́ ló ń dán. Àmọ́ dídán ò kọrin. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé okùn gìtá — ìkùn yẹn rọlẹ̀. Kí n gbé e kúrò — ó tún dé. Ó wo gìtá mi títí. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣí i láìpẹ́ yìí. Mo ní èmi ni, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pààrọ̀ ihò tí wáyà ń wọ̀, lóṣù tó kọjá, kí ló dé? Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n." Ó kó agolo ẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ó lẹ bébà dídán mọ́ inú agolo yíká. Ó ṣì ń kùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Pabanbarì! Lónìí, ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Rédíò ni. Ó ní òjò máa rọ̀ lọ́sàn-án. Mo ń wá ìró gìtá, ojú ọjọ́ ni mo gbọ́. Ìyàwó mi ní ó kúkú wúlò, kí n má kó aṣọ síta.

Ẹnjiníà ní òun ti gé wáyà inú ẹ̀ kúrú, òun sì ti fi nǹkan kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n." Gbogbo ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n! Èèyàn ò tilẹ̀ lè bá a jà kó dùn. Kí ni àbúrò mi rí lára ẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù olóhun-èlò-orin kọjá. Ó pè mí, ó bèèrè. Mo sọ òótọ́: agolo ni. Mo ní àfi tó bá ń wá gìtá tí á máa sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó dùn mọ́ mi. Kí n tó délé, mo tún un sọ fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àbúrò mi pè. Kò pariwo. Ó ní ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ọkọ òun ti padà sídìí ogiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìdánrawò nílé Ìyá Béèsì, obìnrin tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin wa. Mo gbé agolo tó ṣì wà lọ́wọ́ mi dání kí n fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Okùn gìtá mi já, Ìyá Béèsì yá mi ní gìtá olókùn mẹ́fà tiẹ̀. Mo tan agolo. Kò kùn. Mo rò pé bátìrì ti kú. Mo ta okùn kan.

Ó bú! Ó bú bó ṣe yẹ kó bú, ó ki, ó mọ́, ó ń fà lọ bíi pé kò ní tán. Onílù jẹ́ kí igi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ohùn tí mo ti ń wá fún orin wa kẹta láti ọdún méjì nìyẹn.

Mo so okùn mìíràn mọ́ gìtá tèmi, mo kì í bọ̀ ọ́. Hùùùù. Tiẹ̀ — dákẹ́. Tèmi — hùùùù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ wọn, bíi pé ìdáhùn máa yí padà. Gìtá mi ló ń kùn. Ìkùn yẹn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí etí ò fi gbọ́ ọ nínú áńpù, agolo ló sọ ọ́ di ńlá. Ohun tí èèyàn bá fún un náà ló ń sọ di ńlá.

Onílù béèrè ta ló ṣe é. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrànmọ́. Èmi lọ̀bùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀dọ̀ olóhun-èlò-orin ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́; onítọ̀hún wà nídìí tábìlì, irin òjé lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní mo ṣàṣìṣe. Olóhun-èlò-orin ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kúkú sọ fún mi." Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Mo gbé gìtá lọ sílé àbúrò mi. Kò sí nílé. Ọkọ ẹ̀ dìde kúrò níwájú ogiri, ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó ṣí gìtá. Wáyà dúdú kan ló wà nínú ẹ̀ tó yẹ kó di ihò mú — òjé tí mo fi lẹ̀ ẹ́ tóbi tó ẹ̀wà, kò sì di nǹkan kan mú. Ó fi irin gbígbóná kàn án. Èèyàn ò tíì ní mu ife omi kan tán. Ó ki agolo bọ̀ ọ́. Ó dákẹ́.

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní láti Ọjọ́bọ̀ yẹn. Kí wá ni gbogbo bébà dídán, kí ni gbogbo wáyà tó ń gé? Ó ní òun ń wá bí agolo ṣe lè bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lẹ jẹ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé gìtá yín ló bàjẹ́?"

Mo bú u. Mo ní òmùgọ̀ ni, mo ní ó fi iṣẹ́ ṣòfò nítorí ojú tèmi. Mo bú u títí ojú fi tì mí. Lẹ́yìn náà mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má sọ fún àbúrò mi.

Ó ní àbúrò mi náà ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó ní òun fúnra òun fẹ́ wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun á dọ̀bálẹ̀, òun á sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyàwó òun ló ní kí òun má dán an wò. Àbúrò mi ní òun mọ ẹ̀gbọ́n òun.