Àmáńà Ẹsẹ̀ Alùpùpù Méjì: Ìgbésí Ayé Olóògbé Síkírù Àkàngbé Abọ́dúndé

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní agboolé àwọn alágbẹ̀dẹ, ni wọ́n bí Bàbá wa, Síkírù Àkàngbé, ọmọ Abọ́dúndé. Ọdún wo? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dàrú. Ọmọ́níkẹ́, ìyá tó bí wọn, máa ń sọ pé ọdún tí àìsàn lùkúlùkú pa èèyàn bí ẹni pa eṣinṣin ni, ìyẹn 1918. Àbúrò bàbá wọn ní rárá o, lùkúlùkú ti lọ tán kí ọmọ náà tó dé. Ẹbí fi 1918 síbẹ̀. Ọlọ́run ló mọ èyí tó jóòótọ́.

Bàbá ò lọ sílé ìwé. Ilé kéwú ni wọ́n lọ fún ọdún méjì, kí bàbá wọn tó ní kí wọ́n wá máa fín ẹwìrì. Inú iná àti irin ni wọ́n dàgbà sí. Irin tó pupa nínú iná, wọ́n mọ̀ ọ́n. Irin tí ìpẹtà sọ di pupa, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ní 1943, wọ́n wọ rélùwéè láti Ọ̀ṣogbo, wọ́n sọ̀ sí Iddó. Wọ́n kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ní Yábàá. Ní 1949, wọ́n gbé Àríkẹ́ níyàwó, aránṣọ ni ní Téjúoṣó títí dòní. Ní 1951, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Múṣin. Nígbà tí alùpùpù dé tó gba títì, Bàbá kúrò nídìí kẹ̀kẹ́, wọ́n bọ́ sídìí alùpùpù. Wọ́n máa ń kírun wákàtí márààrún, wọ́n sì máa ń bá mọ́ṣáláṣí àdúgbò tún páìpù ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1972, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa kúrò lápá òsì títì, ká máa gba apá ọ̀tún, Bàbá lọ dúró ní Ojúẹlẹ́gbà, wọ́n ń tọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọ́nà. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ nílé, àwọn fúnra wọn gba apá òsì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí gbogbo yín ń bi wá, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ alùpùpù méjì tó so kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án 1974 ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú gbé wọn wá. Ó ní Kọ́lápọ̀ ni òun ń jẹ́. Ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì dúdú bo ẹsẹ̀ méjèèjì débi pé o ò lè mọ àwọ̀ wọn. Ó ní ọ̀gá òun ń rán òun lọ sí Kàdúná fún oṣù mẹ́ta, kí Bàbá bá òun fún sípóòkù, àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú wọn, le, kí wọ́n sì tọ́jú wọn de òun.

Ó ní, "Bàbá, àmáńà ni o, ohun tí mo fi síkàáwọ́ yín."

Bàbá ní, "Fọkàn balẹ̀ jàre. Bó o ṣe gbé e wá náà lo máa bá a."

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yìí ló gba oorun lójú wọn fún ọdún mẹ́rin. Wọn ò bi ọkùnrin náà lórúkọ bàbá ẹ̀. Wọn ò sì nu ẹrẹ̀ yẹn kúrò kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń gbà.

Bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe ń fọ irin ni Bàbá ṣe fọ̀ wọ́n: ọṣẹ dúdú, eérú, kànìnkànìn. Rímù wọn, irin róbótó tí táyà ń jókòó lé, funfun, ó fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n fi eérú pa á lára, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè mọ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n máa débẹ̀, rímù ti ń bu nǹkan funfun jáde bí ìyẹ̀fun. Bàbá wò ó títí. Irin tó dípẹtà, ṣebí pupa ló ń pupa?

Sùnmọ́nù tó ń lẹ táyà lódìkejì títì ló rí i. "Àkàngbé o! Irin tìẹ ti hewú! Tètè bá a wá ọ̀pá ìtilẹ̀!"

"Sùnmọ́nù, má bá mi ṣeré. Irin tí ò pupa, kí ló ń jẹ ẹ́?"

"Ṣé èmi ni mo bí ẹ sílé alágbẹ̀dẹ ni?"

Ẹnìkan ní atẹ́gùn ọ̀sà ni. Ẹlòmíì ní ọyẹ́ ni. Bàbá gbọ́ tibí, wọ́n gbọ́ tọ̀hún, wọ́n bá tún fi eérú mìíràn fọ̀ ọ́, wọ́n ní bóyá ti àkọ́kọ́ ò kúnná tó. Ó wá burú sí i. Nígbà tí wọ́n nù ún, wọ́n rí ihò wíntínwíntín mẹ́ta lára rímù iwájú, bíi pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn ò lè jẹun ọ̀sán.

Màmá Àríkẹ́ ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń se ẹ̀wà, wọ́n ju káún sí i kó lè tètè rọ̀. Ìkòkò àlúmínì ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n ro ẹ̀wà, wọ́n rí i pé inú ìkòkò ti dúdú, ó ti ní ojú kéékèèké.

"Bàbá Mùktárù, ẹ wá wo nǹkan. Ìkòkò mi yìí àti rímù yín, ṣé wọn kì í ṣọmọ ìyá? Bí èyí ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn náà fẹ́ẹ́rẹ́. Káún ló ń jẹ ìkòkò mi. Ṣé eérú yín yàtọ̀ sí káún ni?"

Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ìkòkò. Ẹ̀wà jóná.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ò ti jẹ́ kí eérú àti ọṣẹ dúdú kan rímù funfun mọ́. Omi lásán àti ọṣẹ ìwẹ̀ díẹ̀ ni. Wọ́n á nù ún gbẹ pátápátá, wọ́n á fi gíríìsì bíńtín síbi tí sípóòkù irin ti wọnú ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yọ́ àbẹ́là nínú agolo mílíìkì tí wọ́n gbé sínú omi gbígbóná, wọ́n á gbé e jìnnà sí iná kí wọ́n tó bu kẹrosíìnì sí i, wọ́n á wá fi àjákù aṣọ ṣọ́ọ̀bù Màmá pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gbogbo alùpùpù rímù funfun tó ń gba Múṣin kọjá ló ti jẹ nínú agolo yẹn. Ṣùgbọ́n ihò mẹ́ta ò dí.

Oṣù mẹ́ta pé, Kọ́lápọ̀ ò dé. Ọdún kan pé. Bàbá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì dání, wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ ọkùnrin náà ní Ìlúpéjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ.

Mẹ́gáàdì ní, "Kọ́lápọ̀ wo? Mẹ́ta la ní."

"Èyí tó lọ sí Kàdúná, tó ní alùpùpù."

"Bàbá, Kàdúná ni wọ́n rán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní alùpùpù. Èwo wá ni?"

Bàbá ò mọ èwo. Wọ́n gbé ẹrù wọn padà sílé. Àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á nu rímù méjèèjì kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹwàá 1978, àyà ń dun Bàbá. Wọ́n pe Mùktárù, àkọ́bí wọn. "Ẹsẹ̀ alùpùpù yẹn. Mo ti ba àmáńà jẹ́. Bá mi wá a rí, kó forí jì mí." Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, ni wọ́n dákẹ́.

Kí wọ́n tó dákẹ́, Mùktárù ti gba ilé iṣẹ́ wọn kọ lẹ́tà sí Kọ́lápọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú wọn dé láti Kàdúná lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ ni ò jẹ́ kó padà sí Èkó láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ti rò pé wọ́n á ti ta ẹrù òun. Ó gbé rímù sí oòrùn, ojú ẹ̀ hàn nínú ẹ̀. Ó fi ọmọ ìka kan ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ta ló ní Bàbá ló dá eléyìí lu?"

Mùktárù ní, "Àwọn fúnra wọn ni, sà."

"Rárá o. Bí mo ṣe rà á nìyẹn. Omi òkun ló jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹrẹ̀ ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

Màmá Àríkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Sùnmọ́nù rọra sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé irọ́ ni, pé ọkùnrin yẹn kàn ń ṣàánú òkú ni. Kọ́lápọ̀ gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ òkun, ì báà jẹ́ eérú, mo ti fi jin Bàbá, láyé àti lọ́run." Títí di òní, ẹbí ò mọ èyí tó jẹ́. A ò sì ní bi í mọ́.

Bàbá fi Màmá Àríkẹ́ sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin: Mùktárù, Rónkẹ́, Kíkẹ́ àti Ọláolú. Ọmọ-ọmọ jẹ́ mẹ́sàn-án, àbí ká ní mẹ́wàá, torí oyún ìyàwó Ọláolú ti wọ oṣù rẹ̀.

Kọ́lápọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ alùpùpù rẹ̀ lọ, pẹ̀lú agolo àbẹ́là kan. Bó ṣe gbé e wá náà ló bá a, tàbí kó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkàngbé, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọwọ́ yín ti mọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ilẹ̀ tútù fún yín. Ẹ sùn re o, Bàbá. Àmáńà ti délé.