Ta Ló Ni Ohun Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Yìí?

Akọ̀wé, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé ọ̀nà ibiṣẹ́ ò nira jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tí ojú èmi àti ìyá rẹ ò tó, kò ní gbàgbé rẹ. Ara ìyá rẹ ti yá, ewúrẹ́ rẹ̀ bí méjì, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, orókún mi náà ń sọ tẹnu ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀, ó sì wúwo. Jókòó kó o tó kà á.

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin tó o fi ránṣẹ́ pé kí n bá ọ tà, mo ti tà wọ́n. Olùkọ́ àgbà ilé ìwé ra méjì, nọ́ọ̀sì ra ọ̀kan, fotogíráfà ra ọ̀kan, inú gbogbo wọn dùn torí pé kò wọ́n. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé tí fotogíráfà wọlé bá mi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, tó ní òun tan tòun, òun ò rí Windows tí òun mọ̀ pé ó máa ń darí kọ̀ǹpútà, òmíràn tó ń jẹ́ Linux lòun bá níbẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, ọmọ mi ti kọ gbogbo ẹ̀ síwèé. Mo bá ń fọ́nnu, mo ń ka ìwé tó o fi sínú páálí sí i létí: pé Linux ló jẹ́ kó dínwó, pé ẹnì kankan ò san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, pé ẹni tó bá wù lè dà á kọ fún aládùúgbò rẹ̀, pé ẹni tó bá sì fẹ́ lè tú inú ẹ̀ wò kó tún un ṣe. Bí mo ṣe ń kà á ni ojú ọkùnrin náà ń yí padà. Ó ní ṣé mo gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ ṣá. Ìgbà yẹn gan-an lèmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń fá pákó. N ò tíì rí ẹni tó gé igi, tó là á, tó fá a, tó kàn án di àga, tó wá ní kí gbogbo ayé máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Pákó tí wọn ò bá ti lè dárúkọ iye tí wọ́n rà á, mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mo ju òòlù sílẹ̀. Ẹyẹ dúdú-funfun tó sanra yẹn, tó máa ń yọjú lójú kọ̀ǹpútà bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ó ti wá yé mi pé àmì olóhun ni. Mo sáré lọ bá nọ́ọ̀sì pé kó máa fi aṣọ bo ojú ẹ̀ tó bá ń tàn án. Ó ní kí ló dé, tòun ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó yá ju ti ọ́fíìsì àwọn lọ. Mo ní kó ṣáà máa bò ó.

Lánàá, olùkọ́ àgbà pe gbogbo wa sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní òun ò lè fi orúkọ ilé ìwé wewu, pé tó bá di ọjọ́ Ẹtì òun á kó méjèèjì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n bi ẹni tó kó wọn wá léèrè. Bí fotogíráfà ṣe fẹ́ dárúkọ rẹ, n ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní kì í ṣe ọmọ mi, èmi ni mo fi nǹkan yẹn sínú ẹ̀. Fotogíráfà ní èmi wo, èmi tí n ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án? Mo ní èèyàn kì í dàgbà jù láti kọ́ṣẹ́. Ó ní báwo ni mo ṣe fi í sí i. Mo ní ìṣó kéékèèké àti gọ́ọ̀mù ni mo lò. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó fi ìborùn bojú, àmọ́ olùkọ́ àgbà kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá rẹ ò tíì mọ̀. Ó rò pé eyín ló ń dùn mí tí n ò fi jẹun. N ò lè pè ọ́ lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá máa ń jókòó sínú ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, ìyẹn ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀. Jọ̀ọ́, wádìí ẹni tó ni nǹkan yẹn, fi àdírẹ́sì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó o sì fi owó díẹ̀ lé e. Kì í ṣe owó oúnjẹ o, owó ọkọ̀ tí màá fi lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì ni. Tó bá sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ayé máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́, kó kọ ọ́ síwèé, kó fọwọ́ sí i, kí n rí ohun tí màá fi han èèyàn.

Bí o ò bá jí i, tètè dá mi lóhùn. Bó o bá jí i, má wá sílé, má sì kọ nǹkan kan. Orúkọ mi ti wà lọ́wọ́ wọn, ó tó wọn.

Ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àánú á máa ṣíwájú rẹ níbi tó o bá yà sí.

Èmi ni bàbá rẹ, o jí i o, o ò jí i o.