Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí N Kò Sọ Nǹkan Kan Fún

Màámi ọ̀wọ́n,

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ti so. Wọ́n ti bẹ́ ẹ, wọ́n ti dín in, mo sì ti jẹ nínú rẹ̀. Ohun tó mú mi jókòó kọ ìwé yìí nìyẹn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ fún pé kò yẹ kí n jẹ ẹ́.

Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Yàrá ọwọ́ òsì ni mo ṣì ń sùn, n kò tíì kó lọ sí tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiyín ló ní fèrèsé méjì. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ṣì wà ní Àpòmù. Mo ń gun ọ̀kadà lọ láràárọ̀, mo ń padà sí Ìkirè nírọ̀lẹ́. Gèlè aláwọ̀ ewé yín, èyí tí ẹ máa ń fi nu àtàǹpàkò lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò bóyá ó ti rọ̀ tó, ó ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò fọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ òórùn epo lára rẹ̀. Nígbà mìíràn, n kì í gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀yin lẹ fi òfin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lélẹ̀, kò yẹ kí n máa kà á fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè rí ibi tí mo ti ṣẹ̀ dáadáa. Nílé tiwa, ẹnu lásán kọ́ ni a fi ń sọ pé a fẹ́ ṣe nǹkan. Ẹni tó bá ní ohun kan lọ́kàn á gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, á fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú, á sọ ohun náà sókè kí gbogbo ilé gbọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbìn ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò máa ka oṣù fún un. Bó bá so tó sì gbó, tí ẹni náà ti ṣe ohun tó sọ, òun ló ni ín. A ó gbé e kọ́ sí ilé ìdáná títí yóò fi dúdú, ẹ ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ẹ ó fi epo pupa dín in ní dòdò Ìkirè, ẹ ó mọ ọ́n róbótó sínú ewé, ẹni tó ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ fi kan ẹnu. Bí kò bá ṣe é, ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ti ẹlòmíràn nìyẹn. A ó gbé e jáde ní tútù, kò sì gbọdọ̀ fi ahọ́n kàn án.

Ẹ̀yin pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ṣé ẹ rántí ọdún tí ẹ gbin tiyín pé ẹ ò ní bá Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà lódìkejì ògiri jà mọ́? Oṣù kejì kò tíì pé tí ẹ̀yin méjèèjì fi ń bú ara yín nítorí adìyẹ. Nígbà tó gbó, ẹ gbé odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà rù, ẹ lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀: “Gbà, ìwọ lo ni ín. Ẹnu ẹ ló jẹ ẹ́ kó tó pọ́n.” Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, òórùn dòdò ń gba orí ògiri wọlé, àwa sì jókòó, à ń mu gààrí. Ẹ kàn ń fi ṣíbí ro gààrí yín bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù síbẹ̀.

Àmọ́ ẹ tún gbin òmíràn. Ẹ ní kí ó tó so, ẹ ó mọ orúkọ yín kọ. Mo rí yín tí ẹ ń gbé síléètì lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà pẹ̀lú òórùn epo lọ́wọ́ yín. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ bẹ́ ẹ, ẹ mú èédú, ẹ kọ Sàbítíyù sára ògiri ilé ìdáná. Lẹ́tà B kọjú sẹ́yìn. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, Màámi. Mo máa ń wò ó bí mo bá ń dáná, ojú a sì máa tì mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti gbin tèmi. Èyí àkọ́kọ́, mo ní màá yege nínú Ìṣirò, kí ìwé mẹ́wàá mi lè pé, kí n lè lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ìjì ló wó o lulẹ̀ kó tó so. Inú mi dùn, n kò lè parọ́ fún yín, nítorí n kò tíì ṣí ìwé kankan nígbà náà, gbogbo ènìyàn sì dá ìjì lẹ́bi.

Èkejì, tí mo tún sọ ohun kan náà lé lórí, so nígbà tí ẹ wà lórí ẹní àìsàn. Mo rò pé ẹ ó gbàgbé. Láti orí ẹní yẹn lẹ ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí mọ́sáláṣí fún ẹni tó bá fẹ́. Mo bínú sí yín. Èmi ni mò ń gbé yín wẹ̀, èmi ni mò ń fi ṣíbí fún yín ní ẹ̀kọ mímu, ìgbà wo ni mo fẹ́ kàwé? N kò sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ́ kí ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti gbọ́ ti àkọ́kọ́?

Ẹ̀kẹta ni mo gbìn lọ́jọ́ kejì àdúà ogójì ọjọ́ yín. Àbúrò yín, Àǹtí Ráfíà, ló wá láti Àpòmù láti ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dín in kù kí n lè ṣe é. N kò sọ pé màá yege mọ́. Mo ní màá wọ yàrá ìdánwò Ìṣirò, màá jókòó, màá kọ ọ́ dé òpin, bí mo bá yege, bí n kò bá yege. Kí ló tún kéré ju ìyẹn lọ?

Mo sì gbìyànjú. Mo forúkọ sílẹ̀. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń lọ sí lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo rán aṣọ ìsọmọlórúkọ wọn. Mo lẹ ìwé àkókò ìkàwé mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ mọ̀ pé mo lè gé bùbá láìfa ìlà sára aṣọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wá rí i pé ohun tí mò ń fi ọwọ́ ṣe láti ọjọ́ yìí wá náà ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ga, èmi náà ń mọ̀ ọ́n sí i. Nígbà tó yọ òdòdó, mo dúró sí ìdí rẹ̀, mo ní, Màámi, ẹ wò ó.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo wọ àǹkárá aláwọ̀ aró tí mo rán fún ara mi. Mo kó bírò méjì àti rúlà sínú báàgì, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣe é ní Àpòmù. Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró lẹ́nu géètì. Bó ṣe rí mi, ó tẹrí ba.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Àwọn òbí ò lè wọlé o. Abẹ́ máńgòrò yẹn ni kẹ́ ẹ jókòó sí, ọmọ yín á wá bá yín níbẹ̀.”

Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kò ṣẹ̀ mí rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò mi wà nínú báàgì, fọ́tò mi wà lára rẹ̀. Màámi, mo ní “Ẹ ṣé,” mo sì lọ jókòó.

Mo kọ́kọ́ ní kí n kàn jókòó díẹ̀ kí àyà mi rọlẹ̀. Aago lù. Mo ní wọ́n ṣì máa ń gba ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́kùnrin yẹn ti géètì.

Obìnrin kan tó ń pa ẹ̀pà jẹ sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. “Ẹ̀ẹ̀kẹta ọmọ tèmi rèé nínú ibẹ̀ yẹn,” ló ní. “Bó bá tún fìdí rẹmi, màá dá a padà síbi tí mo ti bí i.” Gbogbo òbí tó jókòó níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó da ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. “Tiyín ńkọ́? Ọkùnrin ni, àbí obìnrin?”

Mo ní obìnrin ni. Èmi tí n kò tíì bímọ. Mo ní ó ti kàwé gan-an, pé ẹ̀rù ló kàn máa ń bà á. Obìnrin náà gbójú sókè, ó ṣàdúà gígùn fún ọmọ mi, mo sì ń ṣe àmín, àmín, títí ó fi parí.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, ọmọ rẹ̀ ń sunkún, ó ju ìwé ìbéèrè sílẹ̀. Mo bá a mú un. Mo wò ó. Màámi, mo mọ èyí àkọ́kọ́. Mo mọ èkejì. Ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀ aṣọ ni, bí a ṣe máa pín yáàdì kan sí ọ̀nà mélòó kan. Mo ti ṣe é tán lọ́kàn kí n tó kà á dé ìdí. Mo ká ìwé náà, mo dá a padà fún un. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ kí obìnrin yẹn má baà dúró wo ọmọ mi.

Àǹtí Ráfíà béèrè bó ṣe lọ. Mo ní ìdánwò náà dára. Irọ́ kọ́ nìyẹn, àbí? Ó dára. Èmi ni n kò ṣe é. Ẹ ì bá ti mọ̀, ká ní ẹ̀yin ni ẹ bi mí. Ẹ máa ń wo ọrùn mi bí mo bá ń parọ́, ẹ ní iṣan kan wà níbẹ̀ tó máa ń fò.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbó. Àbúrò yín dé tàdátàdá, ẹnu àdá náà ń kọ mànà. Mo fi ṣe àwàdà, mo ní, “Àǹtí, ṣé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí ni?”

“Pa ẹnu ẹ mọ́ jàre, tíṣà! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọmọ Sàbítíyù lèyí, kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán.”

Wọ́n bẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e kọ́ sábẹ́ ibi tí ẹ kọ orúkọ yín sí. Mo ní ọjọ́ tó pọ̀ láti sọ̀rọ̀, Màámi. Láràárọ̀ ni mò ń rí i tó ń pọ́n, tó ń ní àmì dúdú, tó ń rọ̀. Láràárọ̀ ni mò ń ní, ó di ọ̀la. Ọjọ́ tó dúdú tán, wọ́n padà wá, wọ́n dáná. Ìyá Ẹlẹ́kọ wá pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, ó ń nu omi ẹkún lójú, ó ní ká ní ẹ wà láyé, ẹ ì bá fún òun ní ẹyọ kan péré, kẹ́ ẹ sì bú òun lé e. Àǹtí mọ àkọ́kọ́ sínú ewé, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe, wọ́n nà án sí mi.

“Ya ẹnu, tíṣà wa.”

Mo ya ẹnu.

Mo rò pé yóò korò. Mo rò pé yóò há mi lọ́nà ọ̀fun, pé n óò wúkọ́, pé gbogbo rẹ̀ á sì tú síta. Ó dùn. Ó dùn gẹ́gẹ́ bí tiyín. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ewé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wú ọmọ kan ní ìdí ìtì tí wọ́n bẹ́, wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n sọ èyí tó kàn. Mo dì í mú. Erùpẹ̀ ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo la ẹnu, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kékeré tàbí ńlá. Mo kàn ń mi ètè. Wọ́n rò pé mò ń bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, wọ́n sì ṣe àmín.

Mo gbìn ín bẹ́ẹ̀. Ó ti mú ilẹ̀, ó ti yọ ewé méjì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé yín báyìí tí kò mọ ohun tí wọ́n gbìn ín fún. Bí mo bá jí ní òwúrọ̀, mo máa ń jáde lọ dúró sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú gèlè yín léjìká, bóyá nǹkan kan á wá sí mi lẹ́nu. Kì í wá. Ó ń dàgbà lọ. Yóò so nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, yóò gbó. Ta ni kí n gbé e fún, Màámi? Ta ló ni ín?

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín láìdẹ́kun, tó ti jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.