Bọ́tìnnì Ẹ̀yìn Aṣọ Ìyàwó

Màmá mi,

Ara mi le, mò ń jẹun, mò ń sùn, ẹ má fòyà. Àna yín tí ẹ béèrè náà wà dáadáa. Ìyàwó tó fẹ́ gbé ló sọ fún mi. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, kí n rán aṣọ ìgbéyàwó òun. Kò mọ̀ mí. Ó fi fọ́tò ọkọ hàn mí, ó ní, "Àǹtí, ojú ọkùnrin yìí ti rí màbo. Ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́ ti kú."

Mo ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Mo rán aṣọ náà dáadáa, kò lábùkù. Àmọ́ ogójì bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ ni mo tò sẹ́yìn rẹ̀, èèyàn ò lè dè é fúnra rẹ̀. Ó ti bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun dè é láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n sì tẹ̀ lé òun dé iwájú ọkọ.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n di ẹrù mi, kí n máa bọ̀ nílé jẹ́ẹ́, àbí kí n lọ? Kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín, màá ti lọ, màá ti bọ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ ní òkú ń kí wọn.