Irọ́ Ni Mo Ń Kà Jáde Nínú Ìwé Homework Ọmọ-Ọmọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fi awò sójú ní gbogbo ọ̀sán Jímọ̀, tí mò ń ka ohun tí tísà kọ nípa ọmọ-ọmọ mi fún ìyá rẹ̀, tí wọ́n á dákẹ́ jẹ́ẹ́ máa gbọ́ mi, mi ò sì mọ ohun kan nínú ohun tó wà níbẹ̀... irọ́ ni mò ń pa. Ẹ̀rù ń bà mí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bú mi.

Banjul ni mo wà, Bathurst tẹ́lẹ̀, kò tíì pẹ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Àdúgbò Half Die là ń gbé, lẹ́bàá odò, níbi tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀, gọ́tà àti títì á di ọ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà, ó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, ọkọ rẹ̀ a máa gbé ọjà lọ sí òkè odò, ó lè tó oṣù méjì kó tó wálé, òun náà ò sì mọ̀wé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ràfátù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀, Primary Four ló wà. Ọmọ tèmi ò lọ sílé ìwé rí. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi èmi bàbá rẹ̀ ni, èmi ni mo ní kí lobìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Èmi náà, Standard Two ni mo kà dé, Yorùbá nìkan ni wọ́n sì kọ́ wa délẹ̀ kí bàbá mi tó fà mí létí kúrò níbẹ̀. Yorùbá ò lè fún mi níṣòro, ẹ̀yin náà kúkú ń rí i. Àmọ́ ohun tí mo sọ fún gbogbo ilé ni pé ògbufọ̀ Gómìnà ni mí nígbà kan, pé mo tún Gẹ̀ẹ́sì Gómìnà ṣe lójú agbo, tó sì ṣí fìlà fún mi. Mẹ́sẹ́ńjà ni mí o! Kọ́ńpìnnì kan tó ń ra ẹ̀pà ni mo bá ṣiṣẹ́, mò ń gbé lẹ́tà láti orí tábìlì kan lọ sórí èkejì. Awò ojú mi yẹn gan-an, ọwọ́ oníkiri ni mo ti rà á, férémù rẹ̀ ló wù mí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìwé Ràfátù ni pé tísà á kọ iṣẹ́ àṣetiléwá àti bí ọmọ ṣe ṣe sí lọ́sẹ̀ yẹn sínú ìwé kékeré kan, ọmọ á mú un wálé ní Jímọ̀, òbí á kà á, á sì sáìnì sí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìwé yẹn dé, ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa wò ó, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Kí ni kí n wí? Kí n ní mi ò mọ̀ ọ́n? Mo wọ awò, mo wú ikọ́, mo ní tísà ní ọpọlọ ọmọ yìí, ti bàbá àgbà rẹ̀ ni. Inú gbogbo ilé dùn. Bó ṣe mọ́ mi lára nìyẹn... Lọ́sẹ̀ kejì mo ní inspector kan ti London wá, ó bọ Ràfátù lọ́wọ́ títí ọwọ́ òyìnbó fi wú. Lọ́sẹ̀ mìíràn mo ní kò sí homework, erinmi kan ló gòkè láti inú odò, ó lọ jókòó sórí àga headmaster, wọ́n ṣì ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Wọ́n gbà á gbọ́! Ni mo bá ń fi tara mi kún un díẹ̀díẹ̀. Mo ní homework ti science ni pé kí Ràfátù máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àgbàlagbà kan láti ìrun ọ̀sán di ìrun ìrọ̀lẹ́, kó lè mọ bí atẹ́gùn ṣe ń rìn. Mo ní tísà ní tí wọ́n bá se bẹnaṣin, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ń se pọ̀ mọ́ ẹja níbí, àgbà ilé ni kí wọ́n máa fún ní orí ẹja. Ọmọ mi ní, "Tísà yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ ilé o!" ló bá bu orí ẹja fún mi.

Nísàlẹ̀ ohun yòówù tí tísà bá kọ, èmi á fi lẹ́tà gbàǹgbà kọ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi mọ̀, tí mo rí lára lẹ́tà kọ́ńpìnnì: CONTENTS NOTED WITH THANKS. Lójú tèmi, ìkíni ni. Ìgbà kan wà tí ọmọ mi fẹ́ lọ kí tísà. Obìnrin Aku, ìyẹn àwọn àtọmọdọ́mọ ẹrú tí òyìnbó dá sílẹ̀, ni tísà yìí, ó gbọ́ Wolof dáadáa, Wolof náà sì ni ọmọ mi fi ń tajà, wọn ì bá gbọ́ ara wọn yé. Mo ní háà, wọ́n kọ ọ́ síbí pé òbí tó bá fẹsẹ̀ kan ọgbà school, wọ́n á lé ọmọ rẹ̀ dànù. Ó jókòó.

Jímọ̀ tó kọjá, Ràfátù dé, ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Mo ṣí ìwé, mo rí i pé ohun tí tísà kọ gùn, yíńkì pupa ló fi kọ ọ́, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa kí ọmọ yìí tó gba ìwé lọ́wọ́ mi. Tísà a máa so lẹ́tà mọ́ra wọn bí okùn, Ràfátù ò lè kà á tẹ́lẹ̀, àmọ́ táàmù yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nírú ìkọ̀wé yẹn. Ó gbé ìwé mọ́ imú, bó ṣe máa ń ṣe... mo sì ti fi ìyẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́ láìmọye ìgbà, màá ní, "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kàwé ni àbí o fẹ́ jẹ ẹ́?" Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Tísà ní ìgbà kẹta nìyí tóun máa kọ ọ́ pé ọmọ yìí ò rí ojú pátákó, pé òun gbé e síwájú títí, inú ìwé ẹlòmíràn ló ṣì ń wò kọ. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Pé ó ya òun lẹ́nu pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ òun tí wọn ò ṣe nǹkan kan. Pé kí ìyá ọmọ wá sí school ní Wednesday àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, bí kò bá wá, òun á wá bá a nílé.

Ràfátù ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó wá a títí, ó ní, "Bàbá àgbà, abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ní kí n máa fẹ́ fún yín dà? Mi ò rí i níbí o." Ó dé ibi tí tísà ti kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ojú... orí ẹja ni mo kà jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ náà! Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni Ràfátù já sínú gọ́tà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ó ń lọ sí school, òjò ti rọ̀, ìyá onílé wa ló fà á lápá jáde nínú omi. Èmi ni mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń wò. Kò rí gọ́tà ni! Ọmọ náà wá na ọwọ́, ó yọ awò lójú mi, ó fi sí tirẹ̀, ó kọjú sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì. Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó ní bákan náà ló rí. Mo ní dígí lásán ni, irú ti fèrèsé, kò lè ṣe nǹkan kan. Ló bá rọra bi mí, "Bàbá àgbà, ṣé ojú mi máa fọ́ ni?"

Mi ò tíì sinmi látìgbà yẹn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé tó gbé ìwé fún mi, mo ní orí ń fọ́ mi, ó ní kí n sinmi, ó bu orí ẹja fún mi, ẹja yẹn ń wò mí, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ọ̀túnla ni Jímọ̀ mìíràn. Kí ni màá kà? Ràfátù ní òun ò ní sọ... ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù, pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń bá mi ru irọ́ mi. Bí mo bá sọ fún ìyá rẹ̀ ńkọ́? Mo mọ ọmọ mi, kì í pariwo, á kàn dákẹ́ ni, á wá rántí pé èmi náà ni mi ò jẹ́ kóun mọ̀wé. Ọkọ rẹ̀ á dá mi padà sílé. Ta ni mo fẹ́ lọ bá? Ṣé kí n yọ́ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù fúnra mi? Dókítà á kọ ìwé fún mi... Gẹ̀ẹ́sì náà ni! Ta ló máa kà á? Ìyá onílé wa Aku mọ̀wé, àmọ́ òun náà rò pé mo mọ̀ ọ́n ju òun lọ, tó bá ti kí mi ní "kúṣẹ́" báyìí, á fi Sir kún un. Bí ojú ọmọ yìí bá wá lọ lóòótọ́ ńkọ́?

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Ràfátù jókòó tì mí, ó gbé imú lé bébà. Wọn ò kọ́ wọn ní Yorùbá ní school, kò lè kà á. Ó ní kí ni mo kọ? Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, mi ò fi erinmi kankan kún un ju èyí tó ti wà níbẹ̀ lọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ṣì máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún mi.

Ará wa kan ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó lọ́la, òun ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún yín, ó sì máa padà kí Wednesday yẹn tó pé. Ṣé kí n dúró dè yín, àbí ojú ọmọ ò lè dúró? Ta ni kí n kọ́kọ́ bá, ìyá rẹ̀ ni àbí tísà? Èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ, ti ojú ọmọ ni àbí ti irọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá dá mi lóhùn. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kọ, bó jẹ́ èébú ni, màá wọ awò mi, màá kà á sí etígbọ̀ọ́ ọmọ mi, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an.