Ọdún Mẹ́ta Tí O Ní Kí A Fi Pamọ́

                                        Ojúlé Kejìdínlógún,
                                        Òpópónà Onípákó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Àna mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀gbọ́n rẹ, ìyàwó mi, kú ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ìwọ náà wà lára àwọn tó gbé pósí. Mo tún un sọ nítorí pé lẹ́tà rẹ gùn tó ojú ewé méjì, o kò sì mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ní tèmi, mò ń jẹun, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá kí mi kú ará fẹ́ra kù, mi ò dá a lóhùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àbíkẹ́yìn mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Yunifásítì tí o ti ń ṣe akọ̀wé ń wá ẹni tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé, tí yóò fi ọdún méjì ṣe ìwádìí lórí kòkòrò tó ń jẹ igi. Ta ló tún yẹ bí ọmọ tó dàgbà sínú lẹ́búlẹ́bú pákó ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi? Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè ohun tó ṣe ní ọdún kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tó ti gboyè, ó sì fi mẹ́ta nínú àwọn ọdún náà tọ́jú ìyá rẹ̀. Ìwọ wá ní kó kọ ọ́ pé òun ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan, pé ọ̀rẹ́ rẹ tó ni ín yóò fọwọ́ sí i. O ní bí ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn bá gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ aláìsàn ló wà, wọ́n á ní kò mú iṣẹ́ ní ọ̀kúnkúndùn.

Ó sì kọ ọ́ o! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kí àkọ́bí mi ka fọ́ọ̀mù náà sí mi létí, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ó ti gbà sí ọ lẹ́nu. Mo bi àbíkẹ́yìn pé ilé-ẹ̀kọ́ wo, ṣé èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí olùkọ́ ń fi ṣíbí bọ́? Ó ní, "Bàbá, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀."

Lóòótọ́, mi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń yí ìyá rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa di egbò. Mo mọ ẹni tó to ìgò kòkòrò sójú fèrèsé yàrá yẹn, tí ìyá ń wò wọ́n, tó ń sọ èyí tó ti jáde nínú igi, tí ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé mẹ́ta ló kún. Ṣé ọ̀lẹ nìyẹn?

Pákó tí a gbé ti ògiri kò ṣòfò, ó ń gbẹ ni. Pákó tútù ni í wọ́. Bí ìgbìmọ̀ rẹ kò bá mọ ìyẹn, kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, n ó fi ilẹ̀kùn pákó tútù tí oníbàárà dá padà hàn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló pọ̀n ọ́ dàgbà. Mi ò ní fi ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ mi kò dé rí bo ibi tí ìyá rẹ̀ kú sí. Bí wọn ò bá gba ọmọ mi, kí wọ́n má gbà á, kó ṣáà jẹ́ orí òtítọ́ ni wọ́n ti kọ̀ ọ́. Àbíkẹ́yìn sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa igi lé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ yẹn, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Mo tọ́jú ìyá mi títí ó fi kú."

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó má fi orúnkún yẹn gun àtẹ̀gùn.

Àkọ́bí mi, télọ̀ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ lè máa lọ, ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kí n dín ìbínú kù. Mo ní kó máa kọ. Ní ọjọ́ Ajé tí wọn yóò gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn, òun ló máa gbé e wá sí káńtà rẹ, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé kòkòrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti fa ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́, ó ti kúrò lẹ́nu mi. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, wo ojú rẹ̀ kí o sọ ọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an ló jogún.

                                        Èmi ni tìrẹ, bí inú rẹ dùn, bí kò dùn,
                                        Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ.
                                        (Àtàǹpàkò mi nìyí.)