Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ́bísí Ojúlé Kẹsàn-án Délé

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ Túnráyọ̀,
Ẹ̀yìn Ọjà Sabon Gari,
Zaria, Ìpínlẹ̀ Kàdúná.
10 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Eré,
Ilé-iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Ìmọ́lẹ̀ Àríwá,
Kàdúná.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀DÙN ỌKÀN LÓRÍ BÍ ERÉ "OJÚLÉ KẸSÀN-ÁN" ṢE Ń BÀJẸ́, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ IKÚ TÍ Ẹ FẸ́ KÉDE NÍNÚ RẸ̀

Lẹ́tà kẹta rèé. Mo to àwọn ẹ̀sùn mi ní nọ́ńbà nínú méjì àkọ́kọ́, bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ kà wọ́n, nítorí náà n ó kàn sọ̀rọ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo pe fóònù yín náà. Ọ̀dọ́bìnrin tó gbé e ní eré lásán ni, kí n fọkàn balẹ̀. Mo kí i. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ti dìde lórí ìjókòó yìí nígbà mẹ́rin láti ìgbà tí mo ti mú bírò, nítorí ọjọ́ méjìlá péré ló kù.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹ kéde pé lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù yìí, ìròyìn yóò dé sí Ojúlé Kẹsàn-án pé Ọmọ́bísí, ọmọbìnrin ilé náà, ti kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Ẹ fi hàn wá bí Bàbá Káyọ̀dé, bàbá rẹ̀, ṣe dákú tí orí rẹ̀ wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, ẹ sì fi ẹ̀rín tí ẹ gbà sínú ẹ̀rọ sí i. Ẹ ní ká máa retí ẹ̀rín àríntàkìtì. Áà, ẹ̀yin Ọ̀gá! Ikú ọmọ?

Ẹ má rò pé ọ̀tá yín ni mí. Láti ọdún mọ́kànlá tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀, agbo ilé wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, kì í fi í ṣeré ní aago méje ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Susanna tó ń gbé yàrá iwájú ló ní tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù, òun ló ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà, àwa yòókù á gbé bẹ́ńṣì jáde. Mo ṣì rántí ìgbà tí Bàbá Káyọ̀dé fi áyọ́ọ̀nù jó ihò sí bàbáńrìgá tí aládùúgbò rẹ̀, Málàm Àlíyù, yá a. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sá fún un. Àṣé Málàm ti rí ihò náà láti ọjọ́ kìíní, òun náà ń sá kí ojú má baà ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì forí gbárí lẹ́yìn ògiri kan náà tí wọ́n sá pamọ́ sí, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kò sẹ́ni tó ṣubú sí gọ́tà níbẹ̀.

Nísinsìnyí ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan kò lè kọjá kí Bàbá Káyọ̀dé má ṣubú sí gọ́tà. Málàm Àlíyù di àwátì, kò dágbére. Ìyá Káyọ̀dé lọ sọ́jà ní obìnrin kúkurú, ó padà dé ní obìnrin gíga, ọkọ rẹ̀ kò sì béèrè nǹkankan. Ọmọ́bísí wọ mọ́tò lọ sí Jos láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó juwọ́ sí wa láti ojú fèrèsé, oṣù mẹ́rìnlá sì ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yẹn.

Bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, n bá ti pa tẹlifíṣọ̀n, n bá gbájú mọ́ ìránṣọ mi. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló wà nílẹ̀. Alájà Ràhmát gbé Sabon Gari fún ọdún mọ́kànlélógójì kí ojú rẹ̀ tó fọ́, tí a sì mú un padà sí Ìlọrin lọ́dún méjì sẹ́yìn. Tẹlifíṣọ̀n yín kò dé ọ̀hún. Ọmọ mi Hafeezat, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló máa ń pè é lórí fóònù bí eré bá ti parí, tí á sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yorùbá nìkan ni Ìyá ń gbà lórí fóònù. Bí ọmọ bá bọ́ sí Hausa, Ìyá á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Tẹ́lẹ̀, ìtàn náà máa ń gba ìdajì wákàtí. Ní oṣù Kẹjọ, mo gbọ́ tí Hafeezat sọ pé, "Ìyá Àgbà, Bàbá Káyọ̀dé ṣubú. Shi ke nan." Ó tán. Lẹ́yìn náà ni Ìyá béèrè ohun tó ń béèrè ní gbogbo Sátidé: "Ṣé Ọmọ́bísí ti délé?" Ọmọ ní kò tíì dé.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń ká aṣọ oníbàárà lọ́wọ́, mo gbọ́ tí ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ lọ ràì lórí fóònù. Ó ní Ọmọ́bísí ti dé! Ó ní ó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ PZ, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú àpò pòtétò láti Jos, ó bá bàbá rẹ̀ níwájú ilé tó ń gbálẹ̀. Bàbá Káyọ̀dé kò sì gbálẹ̀ rí láyé. Ọmọ ní ó ti gbá ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ọ̀nà ló ń wò. Irọ́ gbuu ni. Mo ti ń bọ̀ wá fa etí rẹ̀, àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi nínú fóònù, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Alihamudulilahi, ó ti délé." Mo jókòó sórí aṣọ oníbàárà, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, Ìyá kò béèrè mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Abdulrahman wọ mọ́tò láti Zaria yìí lọ sí Jos ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Àwa náà juwọ́ sí i. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, a kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Ìyá mi kì í dárúkọ rẹ̀. Ọmọ́bísí ló ń béèrè.

N kò ní kí ẹ dá Málàm Àlíyù padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí ẹ ṣàlàyé. Gọ́tà pàápàá, ẹ máa bá a lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: ẹ yọ ikú yẹn kúrò kí ọjọ́ kejìlélógún tó pé. Àwọn ará Sabon Gari ń lọ sí Ìlọrin, wọ́n ń yà kí Ìyá, ẹnìkan yóò sọ fún un. Bí kò bá sì sẹ́ni tó sọ, Hafeezat ni yóò gbé fóònù dání lọ́jọ́ náà. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì: "Mọ́mì, bí wọ́n bá ní ó ti kú, ta ni mo wá sọ pé ó délé?" Bírò ni mo lọ mú.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó fi dípò rẹ̀, mo so ojú ìwé mẹ́ta mọ́ lẹ́tà yìí. Hafeezat ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àmì ohùn rẹ̀ kò pé, Hausa sì wà níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣubú. Kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ yẹn délé, kí bàbá rẹ̀ lè gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Mo dúpẹ́ bí ẹ bá kà á dé ìhín.

Èmi ni òǹwòran yín láti ọdún kìíní,
Túnráyọ̀ Wahab (Ìyá Hafeezat),
Aránṣọ, Sabon Gari.